Daft Punk láti Homework dé Random Access Memories: ta ló ní wọ́n ti ṣìnà?

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn láìfi epo bọyọ̀. Daft Punk, àwọn ọkùnrin méjì ará Faransé tó gbé àwo Homework jáde lọ́dún 1997, ṣé àwọn náà ló gbé Random Access Memories jáde lọ́dún 2013? Ti àkọ́kọ́, orin ẹ̀rọ pọ́ńbélé ni, ìlù ń dún gbì-gbì, èèyàn ò lè jókòó. Ti ìkẹyìn, gìtá, dùùrù, ẹgbẹ́ akọrin, irú orin tí àwọn àgbà ń gbọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Lójú tèmi, orí Discovery ọdún 2001 ni wọ́n parí iṣẹ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn olólùfẹ́ wọn tó ń sọ pé wọ́n “dàgbà” kàn ń ṣàwáwí ni. Kí lẹ rí sí i?

*

N kò gbà pé wọ́n ṣìnà. N kò sì ní sọ pé wọ́n dàgbà, torí àwọn tó ń wí bẹ́ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé orin ijó jẹ́ eré ọmọdé tó yẹ kí àgbàlagbà pa tì. Thomas Bangalter àti Guy-Manuel de Homem-Christo kò pa orin ijó tì lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń yí padà láti àwo dé àwo ni ibi tí wọ́n ti ń mú ìró tí wọ́n fi ń kọ́ orin náà.

Inú yàrá Bangalter ní Paris ni wọ́n ti ṣe Homework, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlù, synthesizer (ẹ̀rọ tó ń dá ìró sílẹ̀), sampler (ẹ̀rọ tó ń gba ìró láti inú àwo tó ti wà) àti àwọn irinṣẹ́ tí kò wọ́n. Nígbà tó di Discovery, inú àwo àtijọ́ ni wọ́n lọ, wọ́n ń gé ibi tó wù wọ́n, wọ́n ń pè èèyàn wá kọrin lé e. Human After All dé lọ́dún 2005, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi ṣe é: gìtá, ẹ̀rọ ìlù, vocoder tó ń sọ ohùn èèyàn di ti rọ́bọ́ọ̀tì, ó tán. Lẹ́yìn náà ni orin fíìmù Tron: Legacy lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti bá ẹgbẹ́ olóhun-èlò ẹni 85 ṣiṣẹ́ ní London. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Random Access Memories tẹ̀ lé e, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló lù ú.

Bí ẹ bá tò ó báyìí, ó dà bíi pé wọ́n ń sá fún ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Èmi ò lè dúró síbẹ̀, torí àwọn orin náà gan-an ló ń jẹ́rìí lòdì sí i.

*

Mo ti bá oríṣiríṣi olólùfẹ́ wọn jiyàn, àríyànjiyàn náà kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Homework nìkan ni wọ́n kà sí orin. Bí ohùn èèyàn bá ti wọ inú rẹ̀ báyìí, lójú tiwọn ó ti bàjẹ́. “Rollin' & Scratchin'” ni wọ́n máa ń nà sókè: ó lé ní ìṣẹ́jú méje, ariwo tó ń ha etí, kò sí gbólóhùn kan tí ẹnu lè gbà kọ. Ẹ̀yin ará Discovery lẹ pọ̀ jù, ẹ gbà pé orin lè dùn bí oyin, kí ẹ̀rọ ṣáà ti wà nídìí rẹ̀. Àwọn tí “Get Lucky” mú wọlé lọ́dún 2013 kò tilẹ̀ mọ ohun tí à ń jà lé lórí, inú wọn dùn, wọ́n ń jó tiwọn.

Ohun tó ń dùn mí nípa àwọn ará Homework ni pé wọn kì í fara balẹ̀ gbọ́ Homework náà. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ “Teachers”. Orúkọ ni wọ́n ń pè níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Romanthony, Todd Edwards, Lil Louis, George Clinton, Dr. Dre, Brian Wilson. Ìjúbà ni, bí oníjàlá ṣe ń júbà àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó la ẹnu sọ tirẹ̀. Ẹ wá wo orúkọ Brian Wilson láàárín àwọn DJ Chicago. Ọ̀gá Beach Boys nìyẹn, ẹni tó ń to ohùn èèyàn lé ara wọn bíi bíríkì. Ẹgbẹ́ olórin àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀, kí wọ́n tó di Daft Punk, Darlin' ni wọ́n sọ ọ́, inú orin Beach Boys ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Gìtá ni wọ́n ń ta níbẹ̀, àwọn àti Laurent Brancowitz tó wá di ọmọ ẹgbẹ́ Phoenix. Ẹ̀yin tó ń pariwo pé gìtá dé lọ́dún 2013, gìtá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn tí wọ́n sì júbà fún, wọn ò fi wọ́n sílẹ̀ sórí àwo. Romanthony ló kọ “One More Time” àti “Too Long” lórí Discovery. Todd Edwards ló kọ “Face to Face”. Nígbà tó di ọdún 2013, wọ́n ti lọ bá àwọn àgbà tó ṣáájú wọn: Giorgio Moroder, àgbà orin dísíkò, Nile Rodgers onígìtá, Paul Williams tó ń kọ orin sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ń pe orúkọ wọn lásán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n wá sí sítúdíò. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé ìyípadà ìró wọn nìyẹn, kò sì síbi tí okùn náà ti já.

*

Òǹkàwé mìíràn fèsì pé: “Ẹ máa yìn wọ́n lọ. Bí a bá yọ orin ẹlòmíràn kúrò nínú Discovery, kí ló kù? Olè ni.”

Ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ti owó, ẹni tí a bá lo orin rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń pè é lólè kì í sábà gbọ́ orin méjèèjì pọ̀.

Ẹ wá “Cola Bottle Baby” ti Edwin Birdsong rí. Kíbọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀rẹ̀ tó ń gé ìró ní kúkúrú-kúkúrú, ó dùn, àmọ́ kò pẹ́ tí Birdsong fi bẹ̀rẹ̀ orin tirẹ̀, orin fọ́ńkì tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ wá lọ gbọ́ “Harder, Better, Faster, Stronger”. Kíbọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n gé, wọ́n sọ ọ́ di òpó ilé. Wọ́n wá ń ju ọ̀rọ̀ sí àlàfo tó wà láàárín ìró náà, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ohùn rọ́bọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó ń wú mi lórí jù: ohùn náà fúnra rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, wọ́n ń gbé e sókè sódò, títí ẹ ò fi ní mọ̀ bóyá ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ ni tàbí ìka ló ń tẹ dùùrù. Kò sí ìyẹn nínú orin Birdsong. Ẹni tó jí nǹkan kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ọdún tí àwọn orin tí wọ́n gé yẹn jáde. “Cola Bottle Baby”, 1979. “I Love You More” ti George Duke, tó di “Digital Love”, 1979. “More Spell on You” ti Eddie Johns, tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ di “One More Time”, 1979. Orin Barry Manilow tó wà lábẹ́ “Superheroes”, 1979. Ẹ wá gbéra lọ sí Random Access Memories. Nile Rodgers tó ń ta gìtá níbẹ̀, òun ló wà nídìí “Good Times” ti Chic, 1979. John Robinson tó lu ìlù “Give Life Back to Music”, òun ló lu ìlù fún Michael Jackson lórí Off the Wall, 1979.

Ṣé ẹ rí i? Lọ́dún 2001, wọ́n ń gé àwọn àwo 1979. Lọ́dún 2013, wọ́n fi ọkọ̀ gbé àwọn tó lu àwọn àwo 1979 wá. Etí kan náà ni, ìfẹ́ kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn Discovery tó sì kórìíra àwo ìkẹyìn, kò yẹ kó sọ pé ìró náà jìnnà sí ara wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ò dùn sí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

*

Ẹlòmíràn ní: “Auto-Tune ba ohùn Romanthony jẹ́ nínú ‘One More Time’.”

Auto-Tune ni ẹ̀rọ tó ń tún ohùn akọrin ṣe. Kò bà á jẹ́. Ẹ gbọ́ “Too Long” bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ọkùnrin náà lóhùn. Nínú “One More Time”, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀rọ náà ṣe ohun èlò orin ni. Nígbà tí àwọn èèyàn ń ráhùn, Bangalter ní ó rán òun létí ìgbà tí àwọn olórin kan ní Faransé fẹ́ kí wọ́n fòfin de synthesizer ní ìparí àwọn ọdún 1970. Èsì tó tó ni.

Ohun tó yẹ ká máa sọ nípa orin yẹn ni àárín rẹ̀. Ìlù dákẹ́ níbẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú kan gbáko, nínú orin tí wọ́n ṣe fún ijó! Mo ti wà níbi àríyá kan tí DJ ti sáré yí i kúrò níbẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà á pé àwọn èèyàn á lọ jókòó. Gbogbo ilé pariwo mọ́ ọn títí ó fi dá a padà. Àwọn tó ń jó mọ̀ pé ìlù náà ń bọ̀, dídúró dè é gan-an ni adùn rẹ̀.

*

Ọ̀pọ̀ ló fèsì lórí Human After All, gbogbo wọn ló sì ń sọ ohun kan náà: wọ́n kánjú ṣe é, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, orin mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí tó fi tán.

Èmi fẹ́ràn àwo yìí, mo sì máa gbèjà rẹ̀.

Lóòótọ́ ni pé ó le létí. Lẹ́yìn adùn Discovery, ó dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. “Robot Rock” mú gìtá kan láti inú orin ẹgbẹ́ Breakwater, ó sì ń yí i po títí ó fi tán, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. “Technologic” ń ka iṣẹ́ tí à ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ohùn bíi ti ọmọdé. “Steam Machine” ń mí bí ẹ̀rọ tí omi gbígbóná ń jáde nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi earpiece gbọ́ ọ nílé lẹ́ẹ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sú yín. Ó ti sú èmi náà rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe Discovery, wọ́n ti fi gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ sí i. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe, Discovery kejì? Wọ́n bọ́ orin náà sí ìhòòhò. Wọ́n bọ́ adùn kúrò, wọ́n bọ́ ohùn àlejò kúrò, ó ku egungun: ìró kan tó ń yí po, àti ìlù. Ohun tí Homework jẹ́ nìyẹn, àyàfi pé gìtá ló wà níbi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ará Homework ló ń bú u jù.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ dé nígbà tí wọ́n gbé e jáde fún èrò. Lóṣù kẹrin ọdún 2006, wọ́n gun orí ilé oníhà-mẹ́ta tí iná kún inú rẹ̀ níbi àjọ̀dún orin Coachella, ní California, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì gbé eré náà káàkiri. Àwo Alive 2007 ni wọ́n gbà sílẹ̀ níwájú èrò ní gbọ̀ngàn Bercy ní Paris, lóṣù kẹfà ọdún yẹn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe po ó. “Steam Machine” tó ń sú yín nílé, wọ́n gbé “Too Long” lé e lórí. Ohùn Romanthony ń ké lókè, ẹ̀rọ ń mí nísàlẹ̀. “Television Rules the Nation” pàdé “Crescendolls”. “The Prime Time of Your Life” ń sáré títí ó fi já sínú “Rollin' & Scratchin'”, orin ọdún 1997. Orin tó wúwo tó sì ṣófo lórí àwo di ilẹ̀ tí orin yòókù ń jó lé.

Bí ìró wọn bá ti yí padà kọjá kí wọ́n mọ ara wọn mọ́, irú àpòpọ̀ yẹn kò lè ṣeé ṣe. Kò sí bí ẹ ṣe lè to àwo mẹ́ta léra wọn kó bá ara wọn mu bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹni tó kọ́ wọn bá ti ń lo ìwọ̀n kan náà látìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀bùn Grammy tí àwo náà gbà lọ́dún 2009 tọ́ sí i, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí. Etí ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí.

Mo gbà fún yín lórí ohun kan: “On/Off” kì í ṣe orin. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí wọ́n ń yí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kiri ni. Ẹ fò ó.

*

Ẹnìkan ní Tron: Legacy ni ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, pé ẹgbẹ́ olóhun-èlò ló kó sí wọn lórí. Orin fíìmù ni, ó tẹ̀ lé àwòrán, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kìkì pé bí ẹ bá gbọ́ “Derezzed”, ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó ṣe Human After All ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí Bangalter bá sì gbé Mythologies jáde lọ́dún 2023, orin ballet tí ẹgbẹ́ olóhun-èlò nìkan lù láìsí ẹ̀rọ kankan, Daft Punk ti túká ṣáájú ìgbà yẹn, lóṣù kejì ọdún 2021. Orúkọ tirẹ̀ ló fi gbé e jáde. Ẹ má fi ìyẹn ka ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́ náà lọ́rùn.

*

Ẹni tó béèrè tún padà dé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń yí i ká. Ìbéèrè mi ni pé ṣé Random Access Memories jẹ́ orin ẹ̀rọ àbí kò jẹ́?”

Ẹ jẹ́ kí n mú Todd Edwards, torí òun wà lórí àwo méjèèjì. Nínú “Face to Face”, ọdún 2001, ó gé àwo àtijọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo sọ pé wẹ́wẹ́: ẹ ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin kan, bóyá èémí kan, ìró gìtá tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn tún gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n wá ń sáré lé ara wọn bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Lórí rẹ̀ ni ó wá kọrin. Nínú “Fragments of Time”, ọdún 2013, àwọn olórin tó jókòó sínú sítúdíò ló ń lù, ohùn Edwards kan náà sì ń kọrin lé e. Ẹ gbọ́ wọn tẹ̀ lé ara wọn. Ti àkọ́kọ́ yára, ó ń ta kìtì. Ti ìkejì ń rìn bíi mọ́tò lójú ọ̀nà gbọọrọ. Mo fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀: nínú gígé yẹn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ máa ń bẹ́ jáde. Tí àwọn ọ̀gá olórin bá jókòó tí wọ́n ń lu ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n lù, ó dùn, àmọ́ ìyàlẹ́nu náà dín kù. Ibi tí èmi àti ẹ̀yin ti pàdé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orin ẹ̀rọ ṣì ni. Bí wọ́n ṣe ń lo àwọn olórin náà ni ẹ ó fi mọ̀. Sample ńlá kan ṣoṣo, ìyẹn ègé orin ẹlòmíràn, ló wà lórí gbogbo àwo náà, nínú “Contact”. Àwọn ìyókù, àwọn olórin á lù ú fún ìgbà pípẹ́, wọn á gbà á sórí téèpù, Bangalter àti de Homem-Christo á wá jókòó tì í, wọ́n á yan, wọ́n á gé, wọ́n á tò. Wọ́n ṣe àwo àtijọ́ tiwọn kí wọ́n tó gé e. “Doin' It Right” tí Panda Bear kọ, ẹ̀rọ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí olùlù kankan.

Ẹ wá fetí sí “Giorgio by Moroder”. Bàbá náà ń sọ ìtàn ayé rẹ̀, bó ṣe ń wá ìró ọjọ́ iwájú. Oríṣi máìkì mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè bá ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mu bí ìtàn náà ṣe ń lọ. Ó dé ibi tó ti ń sọ pé òun nílò click, ìró kékeré tó ń ka àkókò fún olórin. Bó ṣe dárúkọ rẹ̀ ni ìró náà wọlé lóòótọ́, tí, tí, tí, tí. Ìró synthesizer yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yí po, ó ń yí po. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Omar Hakim ti ń lu ìlù bíi pé ó fẹ́ fọ́ ọ, ẹgbẹ́ olóhun-èlò ti dé, DJ ń ha àwo. Gbogbo rẹ̀ sì dúró lórí ìró kékeré tó ń yí po yẹn. Ẹni tó bá ní kì í ṣe orin ẹ̀rọ, kó sọ fún mi ohun tó di orin náà ró.

*

Àwọn mélòó kan ń béèrè ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Discovery, torí kò sẹ́ni tí kò ní rí nǹkan kan fẹ́ràn níbẹ̀, kí ẹ wá lọ sí Alive 2007. Àwo yẹn ló máa jẹ́ kí Homework àti Human After All yé yín, ẹ ó ti mọ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ń lọ. Kí Random Access Memories gbẹ̀yìn.

Ẹ sì wo ohun tí ẹ fi ń gbọ́ ọ. Sípíkà fóònù kò lè gbé Homework, ẹ kàn ń gbọ́ eruku orí rẹ̀ ni. “Around the World” láìsí bééṣì, kí ló kù? Gbólóhùn kan tí wọ́n ń sọ tí wọ́n ń tún un sọ. Bééṣì yẹn ló ń sọ ìtàn, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń dáhùn. Mo gbà pé ìdajì àwọn tó ń sọ pé orin náà ń sú wọn kò tíì gbọ́ ọ lórí sípíkà ńlá rí. Random Access Memories ní tirẹ̀, ẹ lè fi earpiece tó dáa gbọ́ ọ, torí wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́nà tí ẹ ó fi lè mọ ibi tí olórin kọ̀ọ̀kan jókòó sí.

Ní ti Drumless Edition tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, èyí tí wọ́n ti yọ ìlù kúrò: ẹni tó ti mọ àwo náà ló máa jàǹfààní rẹ̀. Gìtá Nile Rodgers hàn gbangba, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lórí okùn. Ṣùgbọ́n orin mélòó kan ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe àkọ́gbọ́.

*

Òǹkàwé náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu òun: “Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, àmọ́ kò ṣeé jó.”

Díẹ̀ kò ṣeé jó, òótọ́ ni. “Within” kò ṣeé jó, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ jó o. “Beyond” gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àárín àwo náà wúwo níbẹ̀, mo máa ń fò ó. Ká ní èmi ni mo ń to àwo náà, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ni n bá yọ kúrò. Àmọ́ ẹ rántí pé “Something About Us” wà lórí Discovery, orin ìfẹ́ tó rọra ń lọ, ẹ ò sì ráhùn. “Nightvision” náà wà níbẹ̀, òun náà kò ṣeé jó.

“Get Lucky” àti “Lose Yourself to Dance” ń ṣiṣẹ́ níbi àríyá títí di òní. Mo ti lù wọ́n fún èrò, mo mọ̀. “Lose Yourself to Dance” pàápàá, kò yára, àwọn èèyàn kì í tètè dìde sí i. Tó bá fi máa dé àárín, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ tó wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣì jókòó. Kí DJ ṣáà má kánjú gé e.

“Contact” ni n bá sì fi lé yín lọ́wọ́. Ohùn Gene Cernan, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó lọ sí òṣùpá, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti inú ọkọ̀ òfuurufú Apollo 17, ó ń ṣàpèjúwe ohun kan tó rí níta. Sample tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ The Sherbs ti Australia ló ni ín, láti inú orin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1981. Omar Hakim bọ́ sí ìdí ìlù. Látibẹ̀ ó ń gòkè, ó ń gòkè, ariwo synthesizer ń pọ̀ sí i títí yóò fi dà bíi pé ẹ̀rọ fẹ́ bú gbàmù, yóò wá kú díẹ̀díẹ̀. Òun ni orin tó kẹ́yìn lórí àwo tó kẹ́yìn tí wọ́n jọ ṣe. Ẹ lù ú tẹ̀ lé “Rollin' & Scratchin'” lórí sípíkà tó lágbára, láìdúró láàárín, kí ẹ wá sọ fún mi èwo nínú méjèèjì ló jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀.